Rọ́bọ́ọ̀tì Abẹ́ Omi Yẹ Ọmọ Kàdúná

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó lọ sí báńkì tí kò rí owó gbà. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti orí tẹlifóònù tẹ nọ́mbà títí ó fi sú u. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń tẹnu mọ́ ni pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì, àwọn oníbàárà sì ń kùn bí wọ́n ti ń padà sílé. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìsàlẹ̀ òkun ni ọ̀ràn ti ṣẹ̀, ní ìtòsí Abidjan ní ilẹ̀ Ivory Coast, níbi tí mẹ́rin nínú àwọn okùn ńlá tí í gbé ọ̀rọ̀ láàrin Áfíríkà àti Yúróòpù ti bàjẹ́: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Nínú ibú, irú okùn bẹ́ẹ̀ kò nípọn ju rọ́bà tí àwọn afọmọ́tò fi í tu omi sára ọkọ̀ lọ. Kí wọ́n tó lè tún un ṣe, ọkọ̀ ojú omi àkànṣe ní láti lọ dúró lójú òkun, kí ó sọ ìkọ́ sísàlẹ̀ láti fi hú okùn náà, tàbí kí ó rán ẹ̀rọ kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ lọ wá ibi tí ó gbé já. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó kọjá kí gbogbo rẹ̀ tó tò.

Ẹ̀rọ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi. Rọ́bọ́ọ̀tì kò tí ì ní orúkọ kan tí ó rinlẹ̀ ní èdè Yorùbá, bí àwọn atúmọ̀ èdè tilẹ̀ ti gbìyànjú lóríṣiríṣi. Láti inú èdè àwọn ará Czech ni ó ti wá, nínú eré oníṣe kan tí Karel Čapek kọ ní 1920. Iṣẹ́ tulasi ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, èyí tí kò jìnnà púpọ̀ sí iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó rẹ̀ láyé àtijọ́. Ìwọ̀fà tí í wọ ibú omi, tí kò mọ òtútù, tí mímí kò sì jẹ́ ìṣòro fún un, ni ẹ̀rọ náà jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní Kàdúná lónìí, tí ó ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ṣíṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè kópa nínú ìdáàbòbò òkun, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi rín in. Òkun dà ní Kàdúná? Àgbàlagbà tí ó ti gbó ní Tudun Wada tàbí ní Kawo wà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn etí òkun rí. Wọn yóò ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Èkó tàbí sí Warri, níbi tí àwọn olómi gbé wà. Èrò yìí bọ́gbọ́n mu létí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Odò kan gba àárín ìlú náà kọjá, odò náà gan-an ni ó sì fún ìlú ní orúkọ. Kada ni àwọn Hausa ń pe ọ̀nì, ìtàn tí ó wọ́pọ̀ sì ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀nì tí ó wà nínú odò yìí nígbà kan ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Kàdúná. Orí òkè Jos ni ó ti sun. Ó ṣàn wọ Kàdúná, ó yí sí ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ó gba dáàmù Shiroro àti dáàmù Zungeru kọjá, lẹ́yìn ìrìn bí 550 kìlómítà ó sì wọ inú Odò Ọya ní Mureji, ní òdìkejì Pategi. Láti ibẹ̀ Ọya gbé e dé Lọ́kọ́ja, ó pàdé Odò Bẹ́núè, wọ́n sì jọ gba ilẹ̀ àwọn Ìgalà àti àwọn Ìjọ̀ lọ sínú òkun. Kò sí ògiri kankan láàrin gọ́tà Kakuri àti Òkun Àtìláńtíìkì. Ohun tí ó wúwo lè rì sínú adágún omi Shiroro, kí ó sì dúró síbẹ̀. Ohun tí ó fúyẹ́, tàbí èyí tí ó ti yọ́ mọ́ omi, ọ̀nà là fún un.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹrẹhuru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nínú ọ̀ràn òkun, Kàdúná ni ará ilé tí ń jẹ kòkòrò yìí, àwọn apẹja tí ó wà ní ẹnu odò ni kò rí oorun sùn. Láti 1957 tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì tẹ̀ lé e ní Kakuri àti agbègbè rẹ̀, ni omi aró ti ń wá ọ̀nà odò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò kógbá sílé. Wọ́n ń pọ̀ sí i ni, ọ̀rá omi mímu àti ìgò ike sì ń pọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ó bá dúró lórí afárá nígbà òjò, tí ó wo bí àgbàrá ti ń kó wọn bọ̀ láti inú ìlú, yóò rí èyí tí ó léfòó. Èyí tí ó rì, bátìrì àlòkù, táyà, agolo òyìnbó kòkòrò, irin tí ó ti dípẹtà, kì í rí i. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ kó ọ̀rá dípò ẹja mọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń bi í léèrè ní ọ́fíìsì kankan.

Níbí gan-an ni rọ́bọ́ọ̀tì ti wúlò. Àwọn kan ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì rò pé yóò máa gbá ìdọ̀tí inú omi bí ìgbálẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ tètè sọ fún wọn. Ìdọ̀tí tí odindi ìlú ń dà sómi lójoojúmọ́, kò sí ẹ̀rọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí yóò lè kó o tán. Ojú ni ẹ̀rọ náà. Ó ń wọ ibi tí ojú ènìyàn kò lè dé, ó sì ń fi ohun tí ó wà níbẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí ó wà ní bèbè. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ìsàlẹ̀ odò tí ó wà lẹ́yìn ilé wọn kì yóò nílò ìwé ìkìlọ̀ mọ́ kí ó tó mọ ibi tí ọ̀rá omi mímu rẹ̀ ń lọ.

Bí ojú bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó, ìtàn Harrison Okene fi hàn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi tí ń fa ọkọ̀ mìíràn, Jascon-4, dojú dé ní òkun ìtòsí Escravos, ó sì rì sínú omi tí ó jìn tó ọgbọ̀n mítà. Escravos yìí kì í ṣe àjèjì sí Kàdúná, nítorí ọ̀nà Escravos àti Warri ni páìpù gbà gbé epo rọ̀bì wá fún ilé ìfọpo Kàdúná tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Ènìyàn méjìlá ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Òkú ni wọ́n rán àwọn amòòkùn ilé iṣẹ́ àwọn ará Netherlands kan lọ kó. Kámẹ́rà wà lórí fìlà irin amòòkùn, àwọn tí ó wà lókè nínú ọkọ̀ sì ń wo gbogbo ohun tí ó ń rí. Ọwọ́ kan yọ nínú òkùnkùn. Wọ́n rò pé ọwọ́ òkú ni, àfi bí ọwọ́ náà ti di amòòkùn mú. Okene, tí ó jẹ́ agbọ́únjẹ ọkọ̀ náà, ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sí yàrá kan. Òun nìkan ni ó yè. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí kọ́ iṣẹ́ mímòòkùn, tí ó sì padà sínú omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ọgbọ̀n mítà ni èyí, ènìyàn sì lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kànga epo Bonga, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní 2005 ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí èbúté ilẹ̀ Nàìjíríà, wà nísàlẹ̀ omi tí ó jìn ju 1,000 mítà lọ. Ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá tí ènìyàn bá wọ inú omi, ìnira kan náà bí ti gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ni omi ń fi kún èyí tí ó ti wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò mọ̀ pé ní Bonga ó lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ènìyàn kò lè lọ fi ọwọ́ ṣí fọ́ọ̀fù ní irú ibẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń rán. Nígbà tí kànga epo bú gbàmù ní ìyawọlẹ̀ òkun Mẹ́síkò ní ọjọ́ ogún oṣù kẹrin ọdún 2010, tí ó pa ènìyàn mọ́kànlá, orísun epo náà wà ní nǹkan bí 1,500 mítà nísàlẹ̀. Ọjọ́ 87 ni epo fi tú sínú òkun, rọ́bọ́ọ̀tì ni ó sì ń fi hàn gbogbo ayé bí ó ti ń tú, òun náà ni ó sì bá wọn fi ìdérí dé e. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ọjọ́ ogún oṣù kejìlá ọdún 2011, nǹkan bí 40,000 àgbá epo ni ó dà sínú òkun ní Bonga. Orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ nínú epo abẹ́ òkun, tí kò sì ní àwọn ọmọ tí ó lè lọ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fún un ni yóò gbà gbọ́.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti àwọn ọmọ etí òkun nìkan. Ó sì yẹ kí òǹkàwé Yorùbá tí ó wà ní Kàdúná rántí pé àwọn Ìlàjẹ wà nínú àwọn ìbátan òun, àti pé ìlú Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947 ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà sínú omi tí ń gbé ilẹ̀ ibẹ̀ mì.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe kò ní ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú. Páìpù ike tí àwọn púlọ́ńbà fi í gbé omi wọ inú ilé ni egungun rẹ̀. Wọn a rẹ́ ẹ ní gígùn gígùn, wọn a fi ìgbọ̀nwọ́ ike so ó pọ̀ títí yóò fi dà bí àgò adìyẹ kékeré. Mọ́tò kéékèèké mẹ́ta tí ń lo iná bátìrì ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀: méjì ń tì í síwájú, wọ́n sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀kẹta ń gbé e lọ sókè sódò. Kí omi má baà ba mọ́tò jẹ́, wọn a gbé e sínú agolo kékeré, wọn a sì yọ́ ìda kún inú rẹ̀. Irin díẹ̀ nísàlẹ̀, fóòmù díẹ̀ lókè, wọn a máa fi kún un, wọn a máa yọ kúrò, títí ẹ̀rọ náà kò fi ní rì, tí kò sì ní léfòó, ṣùgbọ́n tí yóò dúró jẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n bá fi í sí. Níbẹ̀ ni ọmọ tí ó ti há òfin Archimedes sórí fún ìdánwò yóò ti mọ ohun tí òfin náà ń sọ. Ìgbì rédíò kì í rìn jìnnà nínú omi, nítorí náà wáyà gígùn kan ní láti wà láàrin ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ń darí rẹ̀, bí ìwọ́ ti wà láàrin ọmọ inú àti ìyá rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n dì dáadáa kí omi má wọ̀ ọ́ ni ó kù.

Ní 1997 ni Harry Bohm àti Vickie Jensen ti tẹ ìwé kan jáde tí ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ti fi irú páìpù bẹ́ẹ̀ ṣe rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi. Láti inú ìwé náà ni ètò SeaPerch ti yọ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 2003, ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà ni owó sì ti wá. Kò sí ohun kan nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí tí ẹni tí ó mọ Panteka yóò wá tì. Páìpù wà níbẹ̀, mọ́tò inú ọkọ̀ àlòkù wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn wà níbẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́, jórinjórin, rìwáyà, àwọn tí ń fi irin àlòkù ṣe ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fìsíìsì kò mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìwáyà kan fún ọjọ́ méjì kí ó lè kọ́ bí a ti ń fi òjé so wáyà pọ̀, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ìtìjú ni pé ilé ẹ̀kọ́ àti Panteka wà nínú ìlú kan náà láti ọdún yìí wá, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé ìlú tí kò ní òkun kò lè ṣe é, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2004. Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona wà láàrin aṣálẹ̀. Ó gbẹ ju Kàdúná lọ fíìfíì. Ní ilé ẹ̀kọ́ Carl Hayden níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà, olùkọ́ méjì, Fredi Lajvardi àti Allan Cameron, kó ọmọ mẹ́rin jọ: Cristian Arcega, Lorenzo Santillan, Oscar Vazquez àti Luis Aranda. Ọmọ àwọn tí ó ṣí wá láti Mẹ́síkò ni wọ́n, wọn kò sì ní ìwé ìgbélùú. Páìpù ike ni wọ́n fi ṣe rọ́bọ́ọ̀tì wọn, owó tí wọ́n rí tọrọ fún un kò sì tó 1,000 dọ́là. Wọ́n sọ ọ́ ní Stinky, èyí tí í ṣe Olóòórùn, nítorí òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ páìpù náà. Wọ́n gbé e lọ sí Santa Barbara ní ìpínlẹ̀ California, sí ìdíje tí ètò MATE bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wọ́n sì yàn láti bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga díje, nítorí wọ́n rò pé kò sí ìtìjú bí ọmọ kékeré bá ṣubú lọ́wọ́ àgbà. MIT wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ epo ExxonMobil. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, omi ń wọ inú àpótí wáyà àwọn ọmọ náà. Òwú tí àwọn obìnrin fi ń tọ́jú ara ní àsìkò nǹkan oṣù ni wọ́n sáré lọ rà, tí wọ́n kó sínú àpótí náà kí ó lè fa omi mu. Carl Hayden ni ó gba ipò kìn-ín-ní, MIT sì gba ipò kejì.

Nàìjíríà kò ṣàì ti fi ẹsẹ̀ kan kan ọ̀nà yìí. Ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí í rán ọmọ lọ sí ìdíje FIRST Global láti 2017, nígbà tí ìdíje náà kọ́kọ́ wáyé ní Washington. Ní 2019 ní Dubai, ìmọ́tótó òkun gan-an ni wọ́n fi ṣe kókó ìdíje náà. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ gbígbẹ ni gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì ti ṣeré. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ìdọ̀tí, omi kò sì kan ẹ̀rọ kankan. Eré tí ó dára ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ máa lọ. Síbẹ̀, omi ni olùkọ́ tí kì í gba àwáwí. Ẹ̀rọ tí ó bá jò yóò kú, gbogbo ènìyàn yóò sì rí i pé ó kú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń ṣe àtakò kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, pàápàá ọ̀rọ̀ ààbò. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn agbébọn kó akẹ́kọ̀ọ́ 39 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ igbó ní Afaka, ní ẹ̀bá Kàdúná. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí okùn abẹ́ òkun tó já, wọ́n tún kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Kuriga. Kí oṣù náà tó parí ni àwọn ológun kéde pé ọmọ 137 ti gba òmìnira. Òbí tí ó bá ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun lọ sí bèbè odò nítorí ẹ̀kọ́ kankan, ta ni yóò bá a jà? Bẹ́ẹ̀ ni odò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ọmọ tí kò mọ omi wẹ̀ kò ní ohun tí ó ń wá létí rẹ̀ láìsí àgbàlagbà àti ẹ̀wù àléfòó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ní láti bẹ̀rẹ̀ létí odò. Táńkì omi tí àwọn bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ sínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tí jíjìn rẹ̀ kò ju ìbàdí àgbà lọ, tó fún ọdún kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ yóò wà, rọ́bọ́ọ̀tì nìkan ni yóò sì wọ omi.

Wọ́n tún ń sọ pé ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ gbé ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì. Òótọ́ ni pé àga àti tábìlì ni ó kọ́kọ́ yẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí gbogbo àga pé kí sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́ nísinsìnyí yóò ti di bàbá àti ìyá ọmọ kí ọjọ́ náà tó dé. Rọ́bọ́ọ̀tì kan sì tó fún ogún ọmọ. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n rà á fún olúkúlùkù. Ewu tí ó tóbi ju ti owó lọ ni pé kí ìjọba ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán láti òkè òkun, tí wọn yóò kó wá nínú páálí, tí wọn yóò ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, tí wọn yóò sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí ó má baà bàjẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti jìyà irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí kò lóǹkà. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ọmọ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tún un ṣe, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ohun tí ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́ ní Kàdúná lè ṣe láìdúró de owó ńlá kò ṣòro. Ẹgbẹ́ JETS ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama láti ìgbà pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó kù nínú púpọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n mú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà tàbí méje, ní ìhà àríwá odò àti ní ìhà gúúsù, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ẹgbẹ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Ó ṣe pàtàkì kí ó jẹ́ ìhà méjèèjì, nítorí gbogbo ẹni tí ó bá mọ Kàdúná ni ó mọ bí odò náà ti di ààlà láàrin àwọn ènìyàn láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000; àwọn ọmọ tí ó bá jọ ń wo ìsàlẹ̀ odò kan náà yóò ní ohun tí wọ́n jọ mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Kaduna Polytechnic, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní àwọn olùkọ́ iná mànàmáná àti ti ẹ̀rọ tí ó lè kọ́ àwọn olùkọ́ girama ní àkókò ìsinmi. Kí wọ́n pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti Panteka wá pẹ̀lú, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn bí wọ́n ti ń san ti olùkọ́. NIOMR, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ti ń ṣe ìwádìí òkun ní Èkó láti 1975, lè rán òṣìṣẹ́ kan wá láti fi han àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, jíjìn omi, irú ìdọ̀tí àti iye rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023, kò gbọdọ̀ rò pé etí òkun nìkan ni iṣẹ́ òun mọ.

Ìwé tí àwọn ọmọ bá kọ báyìí ni ó yẹ kí ó dé ọ́fíìsì àwọn tí ń mójú tó àyíká àti omi ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n sì fún wọn lésì. Bí àwọn ọmọ bá kọ̀wé pé táyà ogún ni ó wà lábẹ́ afárá kan, tí ẹnikẹ́ni kò lọ kó wọn kúrò fún ọdún kan, wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́.

Àkókò náà sì ní bí ó ti yẹ kí ó lọ. Nígbà òjò, odò Kàdúná a máa pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, kámẹ́rà kankan kò sì lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìgbà táńkì: kí wọ́n rẹ́ páìpù, kí wọ́n yọ́ ìda, kí ẹ̀rọ kìn-ín-ní jò, kí wọ́n tú u, kí èkejì tún jò. Láti oṣù kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀, omi náà a rọlẹ̀, a sì máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìwọlé oṣù kẹsàn-án, oṣù márùn-ún ni yóò kù fún wọn kí omi tó mọ́ dé ibi tí ọmọ kan lè jókòó sí bèbè pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí ó sọ wáyà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì rí ìsàlẹ̀ odò Kàdúná.